Áàmù Tí Ọkọ Mi Kọ Nílà

Ọkọ mi Ràhímù kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ra òróró, á fi bíírò fa ìlà sí ara kèègì níbi tí òróró mọ, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá bù ú. Gáàsì ìdáná wa ní àmì. Ìgò oyin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àmì. Nígbà tí mo bí Màríámù, àkọ́bí wa, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà títí, bóyá nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lé wa lọ́wọ́. Èmi tí mo rọbí ń wò ó, inú ń bí mi. Mo ní kó wo etí ọmọ, etí tirẹ̀ gan-an ni. Ó wo etí náà, ó tún wo tèmi.

Àmì rẹ̀ kì í yí padà: ìlà mẹ́ta kéékèèké lóòró, bíi pélé tí wọ́n kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun náà ní kékeré. Ó ní ohun tó bá ti ní pélé, ọmọ ilé òun ni, ẹni tó bá jí i kò lè sẹ́. Bí mo bá ní àṣejù ni, á ní, "Páńsá ò fura, ó já síná. Àjà ò fura, ó jìn." Kì í parí òwe náà, ó mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ sú.

Kì í ṣe pé mò ń bú u, ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ́ ọ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, mẹkáníìkì kan yọ bátìrì tuntun inú rẹ̀, ó fi òkú bátìrì rọ́pò. Láti ìgbà náà, kò sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ tí òun kò ní jókòó tì lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti búrẹ́dì àti omi. Bó bá fẹ́ kírun, á ní kí mẹkáníìkì jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀ ná, kó dúró de òun.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń tà. Ìpógun la ti ń kó o wá sí Àkúrẹ́, ọ̀nà oko ibẹ̀ sì burú débi pé ikùn píkọ́ọ̀pù wa ń ha ilẹ̀. Akíntóyè, mẹkáníìkì wa, ló bá wa fi sípíríìnì gíga gbé e sókè. Ọmọ Oǹdó ni Akíntóyè, ó máa ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn bí ọkọ̀ náà ṣe ga, àfi pé mo ní láti ká ìró mi sókè kí n tó lè gùn ún. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lápá inú, ọkọ̀ kò sì gbádùn àtirìn tààrà mọ́.

Akíntóyè yẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá," ó ní, "ọkọ̀ yín ti ga ju áàmù òkè tó bá a wá lọ. Áàmù yìí ló di ẹsẹ̀ táyà mú lókè. Ó ti nà dópin báyìí. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ẹnu rẹ̀ bá yọ, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó wá yíjú sí mi. "Apá ọ̀tún ló le jù, Ìyá."

Apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí.

Ó ṣàlàyé ohun tí a lè rà. Tókunbọ̀ wà, irin rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọn kò gbé sókè ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó ń dán wà, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà níhòòhò. Ẹrẹ̀ Ìpógun á jẹ ẹ́. Dúdú kan wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ gíga, tí rọ́bà bo bọ́ọ̀lù rẹ̀, tí gírísì kún inú rọ́bà náà. "Bí omi ò bá ti kan gírísì yẹn, ó di kí ọkọ̀ gbó kó tó bàjẹ́. Òun ni kí ẹ rà. Mo mọ ẹni tó ń tà á."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé bí mẹkáníìkì bá mú oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ló máa yà sí lọ gba owó tirẹ̀? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní òun á ronú sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n múra, a ń lọ Oǹdó.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúgbénga la wọ̀. Ọkọ mi purọ́ pé ọkọ̀ àna òun ni, pé àna òun ò tiẹ̀ ní mẹkáníìkì kankan. Olúgbénga bi í pé ibo ni ọkọ̀ ọ̀hún ń rìn. Ó ní inú ẹrẹ̀ oko. Ọkùnrin náà ò wò yí ká, áàmù dúdú ló fà yọ. Ó wá fi èdè Oǹdó bá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi fa ìró mi. "Kí ni wọ́n sọ?"

Mo ti bá àwọn obìnrin Oǹdó nájà pẹ́, mo ń gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Ó ń bi í bóyá oúnjẹ ti jinná ni."

"Oúnjẹ kẹ̀? Akíntóyè ti pè wọ́n. Ìlú kan náà ni wọ́n."

A ò rà á. Bí a ṣe ń bọ̀, ó yà sí Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí tíṣà-fẹ̀yìntì kan, Agnes, ti ní píkọ́ọ̀pù gíga tó fi ń kó oúnjẹ adìẹ. Ọkọ mi kò tíì kí i tán tó ti rá wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Àlàájì," obìnrin náà ní, "kí lẹ sọ nù sábẹ́ ọkọ̀ mi?"

Ojú tì mí. Èmi ni mo ṣàlàyé. Màmá Agnes ní òun ti lo èyí tó ń dán rí, pé ẹrẹ̀ jẹ ẹ́ kí òjò tó dá. Dúdú onírọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. A ti fẹ́ dé Àkúrẹ́ kí ọkọ mi tó bi mí:

"Ta ni mẹkáníìkì obìnrin yẹn?"

"Ará Ìlárá ni. Akíntóyè kọ́. Ẹ tún ẹlòmíràn wá tí ẹ máa fura sí."

Kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Bó ṣe padà sí Oǹdó nìyẹn, tó ra áàmù dúdú.

Ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní òun gbọ́dọ̀ sàmì sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ Akíntóyè. Ó fi ìṣó ha á, ìṣó yọ̀ lórí ọ̀dà rẹ̀. Ó ní bí òun bá ha irin jù, á dípẹtà. Ó wá mú bíléèdì, ó fà á wẹ́rẹ́ sí ara rọ́bà áàmù ọ̀tún àti ti òsì, ìlà mẹ́ta, mẹ́ta, lápá abẹ́ níbi tí ojú kì í dé, ó sì fi gírísì pa á.

"Ṣé ẹ ń kọ ọ́ nílà ni?" mo bi í.

"Kí wọ́n má baà pààrọ̀ ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. Akíntóyè de áàmù náà, ọkọ mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi parí. Ọkọ̀ wá ń rìn tààrà. Táyà ò jẹ mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, a sì ń wọ Ìpógun, a ń jáde.

Òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí a kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ọkọ̀ tí a dé orí afárá kékeré kan. Nǹkan kán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Apá ọ̀dọ̀ mi wó lulẹ̀, orí mi gbá gíláàsì, mo sì rí omi odò nísàlẹ̀ fèrèsé mi. Mo rò pé mo ti kú. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la gbà jáde. Ìgbà tó rí i pé mo lè dúró, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Akíntóyè ti pààrọ̀ áàmù mi."

Ó pè é lórí fóònù, ó pè é lólè lójú àwọn àgbẹ̀ tó ti pé jọ. Inú bí mi pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà gbà gbọ́.

Akíntóyè gun ọ̀kadà wá, ó gbé àpò irinṣẹ́ sáyà. Èmi ló kọ́kọ́ kí. "Ìyá, ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?" Kò wo ojú ọkọ mi. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yọ táyà.

"Ẹ dúró," ọkọ mi sọ fáwọn àgbẹ̀. "Áàmù mi ní àmì. Bí ẹ ò bá rí pélé lára ẹ̀, ẹ ti mọ olè nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò dìde, èmi náà lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Wọ́n ti la ẹnu. Akíntóyè ti ìka bọ inú ọ̀kan, kò rí gírísì, iyanrìn àti omi ẹrẹ̀ ló bá ìka rẹ̀ jáde. "Ta ló fi nǹkan gé rọ́bà yìí?" ó bèèrè. Mo rántí ẹ̀wà tí mò ń ṣà lọ́jọ́ tí ọkọ mi mú bíléèdì.

Àgbẹ̀ kan ní, "Bàbá, ṣé àmì yín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ọkọ mi ní.

Ó ṣí fìlà, ó bẹ Akíntóyè. Akíntóyè ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí a bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ ní kí ọkọ mi wá dúró ti òun kí àwọn jọ yẹ gbogbo rọ́bà abẹ́ rẹ̀ wò kí òun tó fọwọ́ kàn án. N kò bá a wí.

Áàmù mìíràn ló wà nídìí ọkọ̀ báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ fi lọ Ìpógun, ọkọ mi ti tanná sọ́kọ̀, ó ń dúró dè mí. Mo yí lọ sápá ọ̀dọ̀ mi, mo ká ìró, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo abẹ́ rọ́bà náà, mo sì fọwọ́ pa á yí ká.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ìyá Màríámù, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Pélé," mo ní.

Ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó sì dúró títí mo fi wò ó tán.