Bàbá Talósọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Wọ́n Gbé Tàgatàga

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Talósọ ní yunifásítì, ọjọ́ tí wọ́n gbé e tàgatàga ni ẹnu gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ìjọba kọ́ ilé alájà tuntun fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn, wọ́n sì fẹ́ wó ti àtijọ́. Gbogbo olùkọ́ ti kó lọ. Bàbá nìkan ló kù, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń kàwé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí fún àwọn alágbàṣe tó wá kó ẹrù, "ohun tó wà níbí ni wọ́n ní kí ẹ gbé. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn lójú. Wọ́n gbé tábìlì, wọ́n kó ìwé, wọ́n yọ aṣọ ojú fèrèsé. Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn mọ́, wọ́n gbé àga, Bàbá sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbé e gba iwájú ilé ìkàwé kọjá, ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ń bi àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé ńkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bú sẹ́kún, ó rò pé Bàbá ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní òkè pátápátá ilé tuntun, tí òógùn bo gbogbo wọn, Bàbá dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé àtijọ́.

Gíwá ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ rí nínú ilé jíjò yẹn?"

"Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀."

"Ilé tuntun wá ńkọ́?"

"Ibẹ̀ la máa parí sí."

Wọn ò wó ilé náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin kan wọlé sí ẹ̀ka ìtàn, Bàbá sì fún un ní òdo. Ìdánwò náà dá lórí bí yunifásítì wọn, tí òkìkí rẹ̀ ti wá kàn jákèjádò Áfíríkà, ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ní kíláàsì lọmọ náà kọ sílẹ̀, kò fi ẹyọ kan dánù: pé òrùlé ilé àtijọ́ ń jò lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lórí, pé ewúrẹ́ kan máa ń bá wọn jókòó, àti pé ewúrẹ́ náà kì í pẹ́ dé. Tìbínútìbínú ló fi gbé ìwé ìdánwò lọ bá a.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?" Bàbá béèrè. Ìbéèrè tí wọ́n fi sọ Bàbá lórúkọ nìyẹn.

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"O wá gbà mí gbọ́?" Àánú ọmọ náà ṣe é. "Lọ bi ẹlòmíràn."

Ọmọbìnrin náà fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kiri, títí ó fi rí ìyá àgbà kan, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

"Òrùlé jò?" ni ìyá náà wí. "Òrùlé wo? Abẹ́ igi la ti kàwé! Ìgbà tá a ṣe tán ni wọ́n tó kọ́lé yẹn."

"Ewúrẹ́ ńkọ́, Mà?"

"Ewúrẹ́ wà dáadáa. Olùkọ́ yín yẹn ló máa ń pẹ́ dé."

Nígbà tó padà wá ròyìn, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pa òdo rẹ́, ó fún un ní máàkì tó ga jù lọ ní kíláàsì, ó sì sọ ọ́ ní Oníyèméjì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ igi yẹn, Oníyèméjì, má jẹ̀ẹ́ kó dé etí gíwá."

Oníyèméjì di olùkọ́ lẹ́ka ìtàn, ó sì di ọmọ lọ́dọ̀ Bàbá. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, òun ló ń lọ jókòó tì í nílé ìwòsàn.

"Bàbá, ó ti rẹ̀ yín, ẹ sinmi," dókítà wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yìí ni, sà."

"Ẹ bi ẹ̀rọ mìíràn."

Ẹni bá mọ Bàbá mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn dópin lójú rẹ̀. Á já a gbà mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu, á tún un sọ, á sì fi iyọ̀ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Oníyèméjì ń ròyìn ìpàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún un, bí wọ́n ṣe jà nítorí gbọ̀ngàn kan láti àárọ̀ títí iná fi lọ, tí kálukú wá lọ sílé pé òun ló borí. Bàbá dijú, ẹ̀rín wà létè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò já ọ̀rọ̀ náà gbà. Oníyèméjì mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọdún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà pè, kí Bàbá lè rí nǹkan tún ṣe. Ó dúró. Ó tún dúró. Nígbà tó yá, ó rọra tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì ń bá ìtàn lọ títí ó fi parí.

Òun nìkan ló sọ ìtàn dópin lójú Bàbá rí. Kò fi yangàn fún ẹnì kankan.