Ọmọ Mi Ni Ògbufọ̀ Mi

Ẹni tó bá ní ó dùn láti mú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kiri ilé-ìwé, kò tíì rìn ín nínú oòrùn Wagadugu. Ọmọ á ti ṣíwájú yín, á máa lọ bíi pé kò mọ̀ yín rí. Bí ẹ bá ní kó dúró, á dúró, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni yóò máa wò. Bí èmi àti ọmọbìnrin mi ṣe rìn nìyẹn lọ́dún tó gba sẹtifíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí.

Aṣọ ni mò ń tà, àdúgbò Gounghin la sì ń gbé. Baba rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wọ rélùwéè lọ sí Abidjan, ó ní ọdún kan péré lòun á lò. Ọdún kan yẹn ò parí títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìkíni nìkan ló ń fi rán èrò sí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọmọbìnrin mi létí rẹ̀ pé ilé-ìwé tó bá wù ú ni kó lọ, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé rélùwéè ni yóò gbé e débẹ̀. Ó gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ilé-ìwé ìjọba, ẹ̀yìn géètì la dúró sí títí ẹsẹ̀ mi fi wú, kí ẹnì kan tó wá sọ fún wa pé wọn ò ní ibùsùn fún ọmọbìnrin. Ọ̀dọ̀ àwọn ma sœur, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tí kì í lọ́kọ, la gbà lọ. Ilẹ̀ wọn ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ bá wọn gbàdúrà láàárọ̀. Èmi Mùsùlùmí, mo ní kò burú, torí ibẹ̀ ò jìnnà sílé. Ká ní wọ́n ní kó máa lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò bá gbà.

Nígbà tá a jáde, ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀?"

"Ṣé torí ìyẹn lo ò fi ní lọ?"

"Non, Màmá."

"Torí kí wá ni?"

Ó kàn ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ká ní kò rẹ̀ mí ni, mi ò bá ti fún un ní ìgbátí kan.

Ilé-ìwé kẹta ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ agbẹ̀bí. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ mú wa wọ bureau rẹ̀, ọmọ mi sì ń túmọ̀ fún wa. Mo kí ọ̀gá náà dáadáa. Mo ní, "Mo fi ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́, ọmọ yín ni. Ẹ bá mi tọ́ ọ. Bó bá ṣe àṣejù, ẹ bá a wí, mi ò ní bínú." Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan báyìí ló fi sọ ọ́ fún òyìnbó.

Ọ̀gá náà wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn. Nígbà tó dákẹ́, ọmọ mi ní, "Ó ní ọdún méjì ni. Ó ní Dakar lòun ti wá síbí."

Mi ò gbọ́ Faransé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń wọn aṣọ fún ìyàwó àwọn òyìnbó láti ìgbà tí ọmọ yìí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ deux tó jẹ́ méjì, ó sì mọ quatre tó jẹ́ mẹ́rin. Deux ans ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ sọ, ó nàka sí ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ quatre ans, Dakar sì wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tí mo bí ti gbàgbé iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ.

Ọ̀gá náà wá wo ojú mi, ó béèrè nǹkan kan, kò gùn. Kí n tó lanu, ọmọ mi ti ní, "Oui, monsieur."

"Kí ló ní?"

"Ó ní ṣé ara yín le."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ni mo bá rí i pé ó ti di etí ìró mi mú, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jà nígbà tó wà ní kékeré. Mo kàn dágbére fún ọ̀gá náà, a sì jáde.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, kò ṣíwájú mi mọ́. Ó gba báàgì mi, ó ra zoom-koom, omi jéró dídùn, lọ́wọ́ obìnrin Mossi kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá rẹ̀ fún mi. Mo mu ún, mo fi èdè obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní barka. Mò ń retí kí ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó ní ooru mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ooru mú.

Nígbà tá a délé, mo gbé aṣọ kan tó nípọn jáde nínú àpótí, mo ní kó bá mi di etí rẹ̀ mú kí n wọ̀n ọ́n.

"Màmá, kí la fẹ́ fi èyí ṣe nínú ooru yìí?"

"Wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun Dakar máa ń tutù láàárọ̀."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo ní kó dìde, kó jókòó, kó tún gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ túmọ̀ fún mi, kó má fo ìkankan. Ó sì túmọ̀ rẹ̀: ọdún méjì níbí, ọdún mẹ́rin ní Dakar, rélùwéè dé Abidjan, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi. Èmi tí mo ní kò gbọdọ̀ wọ rélùwéè, mi ò tiẹ̀ ronú kan ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyí, mi ò sì fẹ́ kó lọ.

"Kí ló béèrè gbẹ̀yìn?"

"Ó ní ṣé ìyá mi gbà."

"Èmi ló bi, kì í ṣe ìwọ. Ó yá, bi mí."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Màmá, ó ní ṣé ẹ gbà kí n lọ."

Mo mú etí aṣọ tó bọ́ sílẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́ padà.

"Sọ fún un pé d'accord, mo gbà."