Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Kà Síta

Ọjọ́ tí mo kàwé ìròyìn fún àwọn aládàá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní gáréèjì Òrè, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Lásìkò ìjà ìbò yẹn, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa pe ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀dọ́, ti ẹgbẹ́ kejì ní tọ́ọ̀gì. Àwọn aládàá náà bá ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kejì nínú ọkọ̀ baálé mi, wọ́n fipá mú baálé mi kúnlẹ̀.

“Ìyàwó, kà á fún wa, kí ni wọ́n pè wá níbẹ̀?” ni olórí wọn bi mí.

Tọ́ọ̀gì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo di ọmọ tí mo pọ̀n mú. “Ọ̀dọ́ ni, bàbá.”

Ó gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ mi, ó kà á jẹ́ẹ́. Àṣé ó mọ̀wé.

“Ẹ jẹ́ kó dìde,” ló wí, ó nawọ́ sí àwọn ọmọkùnrin tó gbé àdá. “Ọmọ mi wà nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí.”

Títí dòní, níbi tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, tọ́ọ̀gì, ojú bàbá náà ni mo ń rí.