Ọwọ́ Tí Mo Nà sí Àwọn Àgbà

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, fóònù lè kọ́ èèyàn ní ijó. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Kí n tó fojú ara mi rí ẹni tó ń jó ijó ìgbàlódé, mo ti fi ọdún mẹ́rin jó o ní Odòde níhìn-ín ní Ìdànrè, lẹ́yìn ilé wa, lórí sìmẹ́ńtì tí bàbá mi máa ń sá kòkó sí. Màá gbé fóònù ti ògiri, màá tẹ fídíò, obìnrin inú rẹ̀ á na apá, èmi náà á na apá. Bí kòkó bá wà nílẹ̀, màá dúró dìgbà tí wọ́n bá kó o. Bàbá mi máa ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, á ní, "Ṣé ara rẹ dá báyìí?" Màá ní ara mi dá ju ti àwọn tó ń lọ sí ọ́fíìsì lọ. Ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín. Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ ijó, torí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ẹyọ kan, màá sọ mẹ́wàá.

Mo mọ ijó í jó. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Nígbà tí obìnrin kan tó ti jó ní Èkó àti lókè òkun gba gbọ̀ngàn kan ní Akúrẹ́, tó ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀, èrò tó wá síbẹ̀ fún ìdánwò kún títí dé ojú títì. Àwa mẹ́fà ló mú, èmi sì wà níbẹ̀. Ó ní òun máa fi oṣù mẹ́ta wò wá. Owó ọkọ̀ nìkan la ó máa gbà. Lẹ́yìn eré wa àkọ́kọ́, ẹni tó bá tẹ́ òun lọ́rùn á gba ìwé àdéhùn, á di òṣìṣẹ́, á máa gbowó oṣù. Ìwé yẹn ni mo fẹ́. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́dún náà.

Ọjọ́ kìíní gan-an ni àṣírí fóònù tú. Àǹtí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ọ̀gá wa, kẹ́yìn sí wa, ó fi ẹsẹ̀ kan hàn wá, ó ní ká yí sí ọ̀tún. Gbogbo wọn yí sí ọ̀tún. Èmi yí sí òsì pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ìgúnpá mi sì ba imú ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ dà. Mo ní òun ló ṣìnà. Àwọn mẹ́rin tó kù ní èmi ni. A tún un ṣe, mo tún yí sí òsì.

Àǹtí bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní obìnrin inú fídíò kọjú sí mi, nítorí náà ọ̀tún rẹ̀ ni mo ń fi òsì mi ṣe, bí ẹni tó ń wo dígí. Ọdún mẹ́rin! Gbogbo ijó tí mo mọ̀, òdì ni mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Dígí, ẹni tí mo ṣe léṣe nímú ló sì ń pè é kíkankíkan jù.

Orúkọ yẹn dùn mí wọra. Mo pinnu pé n ó pa á rẹ́. Láàárọ̀, nínú tasíì tó ń gbé mi lọ sí Akúrẹ́, màá máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wakọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ Aládùúrà tí a ti ń bọ́ bàtà jó lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, mò ń kà á sínú, títí ìyá kan fi bi mí bóyá nǹkan gún mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀bi lára mi mọ́. Síbẹ̀ Àǹtí kìlọ̀ fún mi lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, "Tó o bá lọ yà síbi tí kò yẹ lọ́jọ́ eré, má retí ìwé lọ́wọ́ mi o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Èmi náà fọkàn balẹ̀.

Ẹnu mi ló gbé eré náà wá sí Ìdànrè. Àǹtí ń wá ibi tí a ó ti kọ́kọ́ ṣe é, gbọ̀ngàn ńlá Akúrẹ́ wọ́n, mo bá ní kó jẹ́ ká lọ sí Odòde, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọn kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo ní ìlú wa máa kún un dé ojú fèrèsé. Inú Àǹtí dùn, ó gbà.

Inú tasíì ni mo wà nígbà tí mò ń padà sílé lọ́jọ́ náà tí ọ̀rọ̀ ìparí eré wá sí mi lọ́kàn. Báyìí ni ó ṣe parí: àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á rìn wá síwájú pa pọ̀, a ó dúró, a ó na ọwọ́ òsì sí àwọn òǹwòran, àtẹ́lẹwọ́ á ṣí sókè, a ó sì dúró gbagidi bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ka ẹní dé ẹ̀jọ. Àǹtí ní apá òsì ni ọkàn wà, pé ọkàn wa la ń gbé fún wọn. Lórí ìtàgé Akúrẹ́ tó ga, tí èèyàn jìnnà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tiwa kò ní ìtàgé. Ní Odòde, iwájú pátápátá ni wọ́n ń to àga àwọn àgbà sí, ẹni tí ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa á tún fa tirẹ̀ síwájú sí i. Imú wọn gan-an la ó na ọwọ́ òsì sí.

Mo mọ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dé Akúrẹ́ pẹ̀lú èrò pé n ó sọ fún Àǹtí. Ẹni tí mo ṣe léṣe nímú ló kọ́kọ́ kí mi, ó ní, "Àǹtí Dígí, ẹ káàárọ̀ o!" Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ: pé ẹ wò ó, òsì ti wá di èèwọ̀ fún ọmọ òsì. Mo bu omi sẹ́nu. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ eré pé.

Ọ̀sán Sátidé ni. Gbọ̀ngàn kún bí mo ṣe sọ ọ́, àwọn ọmọdé rọ̀ mọ́ fèrèsé. Àwọn àgbà wà níwájú, bàbá mi wà lẹ́yìn wọn. Láàárín àwọn àgbà náà ni bàbá kan wà tó jẹ́ àgbà jù ní àdúgbò wa, tí oko kòkó rẹ̀ bá ti bàbá mi pààlà lọ́nà Àtọ̀sìn. Òun ló fa àga síwájú jù.

Mo jó lọ́jọ́ yẹn. Kò sí èèyàn tó máa gbà á lẹ́nu mi. A fò, a ṣubú láìdún, a gbé ara wa lé èjìká, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì gbà wá torí pé àwa la mọ bí a ṣe ń balẹ̀ lé e. Àwọn tó kọ́kọ́ ń bira wọn léèrè pé irú ijó wo rèé ti dákẹ́, wọ́n ń wò. Mo rí i tí bàbá àgbà náà ń mi orí tayọ̀tayọ̀. Nígbà náà la rìn wá síwájú.

Ọwọ́ òsì ti fẹ́ gbéra nígbà tí mo rí ojú bàbá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹsẹ̀ kan kún ẹsẹ̀, mo yí ìwúwo ara mi sí apá kejì, mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì márùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún kan.

Bàbá àgbà náà dìde. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró de àtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́ láti gba ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tí mo ṣe léṣe nímú náà ni, kó bá a yọ̀ bí àgbà ṣe ń bá ọmọ yọ̀. Ó wá rí i pé òsì ni. Ọwọ́ tirẹ̀ dúró sófuurufú. Ọmọkùnrin yẹn ò lè mira, torí a ò tíì kà á dé ẹ̀jọ. Mo gbọ́ tí mímí rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò mira. Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó mú ọ̀pá, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Àwọn àgbà méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọdé ṣì ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó dì mí léjìká mú. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. O ṣé, ọmọ mi." Orí mi wú. Mo rò pé mo ti borí.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní, "Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Àṣìṣe àtijọ́ yẹn náà ni, àbí? Ẹ̀rù ìlú ẹni. Àwọn ibi tó kù, ìwọ lo jó jù lónìí. Mo ti gbójú fò ó, ìwé rẹ wà nínú báàgì mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," gbólóhùn kan péré yìí ni n bá sọ, ìwé á di tèmi. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa orúkọ Àǹtí Dígí rẹ́, mi ò lè fẹnu ara mi tún un pè. Mo ní, "Kì í ṣe àṣìṣe, mà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òsì kọ́ la fi ń kí àgbà níbí."

Ó ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé wọ́n máa jókòó súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí a ti ní a ó wá síbí, mà."

"Èmi ò mọ̀. Àwọn márùn-ún yẹn ò mọ̀." Ó pa báàgì rẹ̀ dé. "O yọ ọwọ́ tìrẹ, o wá fi tiwa sílẹ̀ níbẹ̀."

Èmi tí mo máa ń sọ mẹ́wàá fún ẹyọ kan, mi ò sọ ẹyọ kan fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àǹtí ní kí a sùn sí Odòde, pé láàárọ̀ a ó lọ bẹ bàbá náà, èmi ni n ó sì jẹ́ ẹnu gbogbo wọn.

A lọ. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, Àǹtí pẹ̀lú. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, mo ní kí wọ́n forí jì wá. Bàbá bi àwọn yòókù níkọ̀ọ̀kan pé ọmọ ibo ni wọ́n. Ọ̀kan ní Akúrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀, méjì ní Ìkàrẹ́, ẹni tí mo ṣe léṣe nímú sì sọ pé Èkó ni wọ́n ti bí òun. Bàbá wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́, ọwọ́ wo lo nà sí wa?"

"Ọ̀tún ni, bàbá." Ìgbéraga díẹ̀ ṣì wà lóhùn mi, mo gbọ́ ọ fúnra mi.

"O mọ̀, nígbà náà."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìwọ lo bú wa, nígbà náà. Àwọn wọ̀nyí kàn gbọ́wọ́ sókè ni."

Ojú tì mí débi pé mo wo ilẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí ìka mi. Bàbá ní kí wọ́n dìde. Ó gba ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ijó wọn dára, pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn ló gbà pẹ́ jù. Nígbà tó kan èmi, ó kó ọwọ́ rẹ̀ padà sórí ọ̀pá. "Tìrẹ di ìgbà mìíràn," ó ní. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ mi títí ó fi wọlé.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tasíì tó máa gbé wọn padà, Àǹtí ṣí báàgì, ó na ìwé sí mi. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé wọn ò gba ọwọ́ mi ni, mà?"

"Mo rí i," ó ní. "O ò sì sá. Láti òní lọ, ohun tó o bá mọ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ kí a tó jó, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo sì di oníjó tó ń gbowó oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Akúrẹ́, mo kọ́kọ́ yà sílé bàbá náà, èmi nìkan.