Korobá Omi Tí Wọ́n Gbé Kúrò ní Ọ̀run Àpáàdì

Òórùn kẹrosíìnì lórí èédú ló máa ń jí mi nígbà ọyẹ́. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ladáánì. Kẹrosíìnì ni. Màámi á ti jókòó sídìí àdògán lẹ́yìn ilé wa ní Kukuo, nílùú Tamale, wọ́n á ti po ẹ̀wà kọ́sé sínú abọ́ ńlá, ìyẹn àkàrà fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ìlú yìí rí. Ètè mi á ti sán, eruku á ti kún imú mi, ilẹ̀ á tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tẹ omi yìnyín. Màámi á ti mú ìṣáná dání, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣá a o. Wọ́n á kọ́kọ́ pariwo: "Bísí! Omi dà?"

Ojú mi á ṣì dí, mà á wọ́ korobá jáde. Korobá búlúù ni, omi dé ìdajì ẹ̀, àpò kòkó kan rì sínú omi yẹn, àpò tó nípọn tí wọ́n fi ń kó kòkó ní apá ìsàlẹ̀ Gánà. Mà á ní, "Omi rèé, Mà. Àpò wà nínú ẹ̀." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ṣáná. Tí mi ò bá tíì dáhùn, kò sí iná, kò sí ọjà, kò sí ilé ìwé. Bó ṣe rí nìyẹn.

Kí wọ́n tó bí mi ni epo gbiná mọ́ Màámi lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń dín kọ́sé. Omi ẹ̀rọ ò yọ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ẹ̀kán omi nílé. Òrùlé ibi ìdáná jó tán, apá wọn ọ̀tún jó dé ìgúnpá. Látìgbà yẹn, wọn ò dáná láìrí omi àti àpò tútù tí wọ́n lè fi bo iná. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní Tamale, ẹ mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa nígbà yẹn. À ń ti gálọ́ọ̀nù kiri, à ń tò, à ń jà nídìí táǹkì olówó. Kéèyàn wá fi odidi ìdajì korobá rẹ àpò! Àwọn aládùúgbò ń fi Màámi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣé iná lẹ̀ ń retí ni?" Màámi á ní, "Ẹ̀yin ẹ má retí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín retí ẹ̀." Ní sùkúù, Omi Dà ni wọ́n sọ mí. Mo lu èèyàn lórí orúkọ yẹn, mo sì tún máa lù wọ́n lónìí.

Fẹ́mi lẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí, mi ò kí ń pè é ní bọ̀ọ̀dá àfi tí Màámi bá wà nítòsí. Ó ga, ó tín-ín-rín, kò sẹ́ni tí kò lè sín jẹ. Ó máa rìn bíi pásítọ̀, ó máa rìn bí ọlọ́pàá, ó máa rìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí gààrí, Màámi á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Dàgbàní, èdè àwọn ará Tamale, ló fi ń lá àlá. Yorùbá ẹ̀ dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Ṣé ẹ mọ̀, gbogbo àwa tí wọ́n bí síbí la gbọ́ ọ, sísọ ẹ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu.

Lọ́dọọdún, níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kanvili, àwa ọmọdé la máa ń ṣe dírámà. Bọ̀ọ̀dá Délé ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń darí ẹ̀. Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pè é, kì í ṣe "wọ́n." Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìtàn bàbá olówó kan ló kọ, bàbá tó ní táǹkì omi ńlá tí kò jẹ́ kí aládùúgbò kankan bu níbẹ̀. Bàbá kú, ó lọ ọ̀run àpáàdì, ó wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kán omi kan. Fẹ́mi ni bàbá olówó. Èmi jẹ́ áńgẹ́lì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín fún àwọn aláboyún lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ mi.

Tó o bá fi Dàgbàní sọ̀rọ̀ ní ríhásà Bọ̀ọ̀dá Délé, ó máa fa etí ẹ, wàá tún kúnlẹ̀. Ó máa ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àgbà sọ pé a ti sọ èdè wa nù sílùú onílùú ni?" Fẹ́mi ló ń kúnlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tó ní láti sọ ò ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi, ẹ̀kán kan péré" lọ, ṣùgbọ́n kó tó mọ̀, ẹnu ẹ̀ á ti sọ "kom." Kom ni àwọn Dàgòmbà ń pe omi. Gbàù, etí ẹ̀ ti wọ ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Délé. Tá a bá délé, Fẹ́mi á mú ife omi dání, á fi ohùn ewúrẹ́ sọ ọ́: "Ẹ̀kán kan péré-é-é-é." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Wọ́n fi aṣọ fèrèsé pálọ̀ pásítọ̀ rán agbádá, aṣọ ọ̀rá tó ń dán yẹn. Wọ́n gé fóòmù lára mátíráàsì àtijọ́, wọ́n fi okùn dì í mọ́ ọn níkùn àti lẹ́yìn kó lè sanra bí olówó. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ ọn lágbọ̀n, irùngbọ̀n nìyẹn. Tí ẹ bá ní kí n jókòó lónìí kí n ṣètò bí ọmọ èèyàn ṣe máa jó dáadáa, mi ò mọ ohun tí mà á fi kún un.

Lọ́dún tó ṣáájú, bébà pupa àti tọ́ọ̀ṣì la fi ṣe iná ọ̀run àpáàdì. Àwọn àgbà fi wá ṣẹ̀sín kú. Bọ̀ọ̀dá Délé wá búra pé lọ́tẹ̀ yìí, iná gidi ni wọ́n máa rí. Ó gé dírọ́ọ̀mù sí méjì, ó kó àkísà sínú ẹ̀, ó ra pẹtiróòlù.

Ọ̀sán ni, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ tapọ́lì. Ọyẹ́ ń fẹ́, tapọ́lì ń lu ara ẹ̀ pàpàpà. Màámi ta kọ́sé tán, wọ́n ru korobá búlúù yẹn láti Kukuo wá sí Kanvili lórí, tàpòtàpò nínú ẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù, níbi tọ́wọ́ máa tó o. Wọ́n ní, "Délé, má gbé e kúrò níbí yìí o. Mo bẹ̀ ẹ́." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kò séwu, Mà." Wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá lọ́dọ̀ àwọn ìyá.

Ìgbà tó kan ọ̀run àpáàdì, wọ́n ta aṣọ bo iwájú ká lè tún ibẹ̀ tò. Bọ̀ọ̀dá Délé wá rí korobá yẹn bíi pé kò rí i rí. Ó ní, "Ta ló gbé omi wá sí ọ̀run àpáàdì?" Àwọn ọmọkùnrin kwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá ń kú lọ fún òùngbẹ, korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀! Kí wọ́n tún wá fi mí ṣẹ̀sín? Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn fẹ́sìtírì." Wọ́n gbé e.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ nẹ́ẹ̀tì mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ jọ̀ọ́ sà, omi dà? Màámi ní kí omi wà níbẹ̀." Ó fa etí mi, ó fi etí yẹn fà mí kúrò. Ó ní, "Áńgẹ́lì ò níṣẹ́ ní ọ̀run àpáàdì. Jáde." Àwọn yẹn tún rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ká aṣọ. Wọ́n ṣáná. Iná fò sókè, gbogbo ọgbà ní "Yéè!" wọ́n pàtẹ́wọ́. Fẹ́mi ń yí dírọ́ọ̀mù ká, ó ń fi ikùn fóòmù yẹn rìn bí olówó, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín dọ́ba. Atẹ́gùn kan wá. Atẹ́gùn ọyẹ́ lásán, irú tó máa ń ṣí fìlà lórí èèyàn. Ó tẹ iná yẹn síwájú, iná fẹnu kan etí agbádá. Mo rí i. Ó kéré bí iná àbẹ́là. Lẹ́yìn náà kò kéré mọ́.

Fẹ́mi ò rántí Yorùbá kankan. "Kom!" ló ń pariwo. "Mma, kom! Kom!" Ó ń pe Màámi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé ọmọ Ìyá Fẹ́mi ti tún gbàgbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Délé yọ orí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ó ń na ìka sí i: "Yorùbá! Fi Yorùbá sọ ọ́!"

Màámi nìkan ló dìde. Wọ́n ń ta àga nù bọ̀, wọn ò pariwo, wọ́n sáré tààrà lọ síbi tí wọ́n gbé korobá sí. Ọwọ́ wọn bá ilẹ̀ lásán. Wọ́n wo ilẹ̀ yẹn. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Omi dà?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn fẹ́sìtírì. Wọn ò lè dúró dè é. Wọ́n tú ìró, wọ́n jù ú lé Fẹ́mi, wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n sì sùn lé e lórí. Ìgbà tí àwọn ọmọ kwáyà fi máa gbé omi dé, fóòmù ti yọ́ mọ́ ọn lára.

Ó pẹ́ ní ọsibítù. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá Délé jẹ́rìí. Ó ní èṣù fẹ́ fi ẹ̀mí ṣòfò nínú ìkórè wa, Ọlọ́run ò gbà fún un. Wọ́n jó. Wọ́n tiẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi pé kí wọ́n wá jó wá síwájú. Màámi ń fi bébà fẹ́ ara Fẹ́mi lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ mi dí." Títí dòní, kò sẹ́ni tó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pé ẹnì kan gbé omi kúrò. Wọ́n ní èṣù ni, wọ́n ní atẹ́gùn ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní Màámi ló pe iná yẹn wá, pé ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹ̀.

Fẹ́mi ò kú. Ọrùn ẹ̀ fà sí èjìká, ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó ń tún fóònù ṣe ní Jisonayili báyìí, ọwọ́ kan ló fi ń ṣe é. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Màámi á bá a sọ Yorùbá, òun á fi Dàgbàní dá wọn lóhùn, ó kúrú, kò bínú. Mi ò tíì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ̀ látọjọ́ yẹn. Màámi náà ò béèrè omi mọ́. Wọ́n á kàn ṣáná láàárọ̀. Èmi ni mà á gbé korobá jáde fúnra mi, mà á ní, "Omi rèé, Mà." Wọ́n á ti máa fẹ́ná.

Ìkórè tún ti dé. Alàgbà Délé ni wọ́n ń pè é báyìí, irun ẹ̀ ti funfun, dírámà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ iná gidi kí wọ́n lè fi fóònù ká a sílẹ̀. Mo lọ síbi ríhásà wọn. Gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù tí mo bá níbẹ̀, mo gbé e fún Fẹ́mi, ó ti wà nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀. Wọ́n lè ra òmíì, mo mọ̀. Ọmọ kékeré kan dúró síbẹ̀ nínú aṣọ ọ̀rá, ó ń jẹ bísíkíìtì. Mo wá gbé korobá mi kalẹ̀ láàárín ọ̀run àpáàdì wọn, mo fa àga, mo jókòó tì í.

Alàgbà Délé ní, "Bísí, gbé omi yẹn kúrò, ó ń ba iwájú jẹ́."

Mo ní, "Mi ò gbé e."

"Àgbà ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o."

"Ṣebí ìwọ náà lo bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí."

Ariwo sọ. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni. Ọmọ tó wọ ìyẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ́jọ́ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ jù mí lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ó béèrè, wọ́n sì fa etí ẹ̀. Èmi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì ní bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé omi dà. Mo ti pọn ọ́n wá. Kẹ́ni tó bá lè gbé e wá gbé e.