Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Nìkan Mọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń gbé Oǹdó pẹ̀lú ìyá mi, n kò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn lè sọnù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Òótọ́ ni pé ọjọ́ kì í ṣe ewúrẹ́ tí yóò já okùn, ṣùgbọ́n tèmi sọnù, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Ní ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn ni wọ́n fi ń pè é síwájú pẹpẹ. Wọn á kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ọjọ́ Àìkú. Àwọn yẹn á jó lọ, wọn á gbé iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ wọ́n bá ká sílẹ̀, wọn á jó padà, kí àwọn ọmọ ọjọ́ Ajé tó dìde, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Àbámẹ́ta. Èmi kì í fetí sí èyí tí wọ́n ń pè. Aṣọ tuntun tó wà lọ́rùn mi ni mò ń rò, àti ìrẹsì tí a máa jẹ bí a bá délé. Bó bá ti kàn mí, ìyá mi á fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, “Dìde, ó kàn ẹ́.” Èmi á dìde. Ta ló ń bi ìyá ẹni pé ọjọ́ wo nìyí?

Àfi ìgbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti sọ fún wa pé ohun tí a bá béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó rí i gbà. Mo béèrè. Mo fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, mo tún béèrè. Ìyá mi kú. Àwọn àgbà tó wá kí wa ní Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gan-an. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi tí n kò ní ẹlòmíràn? Láti ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù bá ń ṣe àmín, èmi á pa ẹnu mi dé.

Ìbàdàn ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ wá síbẹ̀, ó sì wá mú mi. Yàrá kan ṣoṣo la rí gbà ní àdúgbò Arakale, nítorí àlejò ti kún ìlú. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, èmi nìkan ni títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dá wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé kún fún ayálégbé, ọmọdé ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì dá wà. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń bá mi lọ aṣọ mi, á ní, “Lọ, ìyá rẹ á fẹ́ kí o lọ.”

Ìgbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àkúrẹ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè ọjọ́ rẹ̀ nílé. Mo bi bàbá mi.

“Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà,” ó ní. “Ìyá rẹ ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo sọ fún wọn nílé-ìwé, mo kàn fojú bù ú ni.”

Báyìí ni mo ṣe dé ibi ìkórè láìlọ́jọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n pe Àìkú, ẹ̀gbẹ́ mi ń retí ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi. Wọ́n pe Ajé. Mo rò ó pé Ọlọ́run tí kò gbọ́ àdúrà mi, ó dájú pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bí mi.

Màmá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn sẹ́sẹ̀. Ó bá àwọn Àìkú lọ. Ó tún bá àwọn Ajé lọ. Nígbà tó bá àwọn Ìṣẹ́gun lọ, àwọn ọ̀dọ́ akọrin ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé ọjọ́ orí ti ń dà á láàmú ni. Bó ṣe padà dé, ó wò mí.

“Ìwọ ò lọ́jọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, màmá. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti kú.”

“Èmi náà ò mọ tèmi. Ọjọ́ kejì ọjà ni wọ́n ní wọ́n bí mi, ta ló wá mọ ọjọ́ tí ìyẹn bọ́ sí? Ẹni tó dá ọjọ́ méjèèje ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá lọ ní gbogbo rẹ̀, tèmi á wà níbẹ̀.”

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, “Mo bẹ Ọlọ́run kí ó wo ìyá mi sàn, kò dá mi lóhùn.”

Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó mú ọsàn kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Ọmọ mẹ́rin ni mo bí,” ó ní. “Mo sin mẹ́ta. Mo ti bi í léèrè títí. Kò tíì dá èmi náà lóhùn.”

“Kí ló dé tí ẹ ṣì ń lọ síwájú?”

“Níbo ni kí n ti bá a ro ẹjọ́ mi, bí mi ò bá lọ síwájú rẹ̀?”

Wọ́n pe Ọjọ́rú. Ó fi ọsàn náà sí mi lọ́wọ́, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. “Dìde, ó kàn wá.”

A lọ ní Ọjọ́rú, a lọ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó di Ẹtì, ẹkún ti bò mí lójú, n kò rí pẹpẹ mọ́, ọwọ́ màmá yẹn ni mo dì mú. Nígbà tí àlùfáà súre fún àwọn Àbámẹ́ta, mo ṣe àmín. Kò dún sókè, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ọsàn kan ṣẹ́kù nínú apẹ̀rẹ̀. “Mú un lọ sílé fún bàbá rẹ,” màmá wí. Bàbá mi bó o, a jọ jẹ ẹ́. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo bá wọn lọ. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni, láti Ọjọ́rú dé Àbámẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, òun náà wá síbi ìkórè.

Ẹ má rò pé iyèméjì mi tán lọ́jọ́ yẹn o. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ, bí àlejò tó mọ ọ̀nà ilé. Títí dòní, n kò mọ ìdí tí ìyá mi fi kú. Ohun tó yí padà ni pé iwájú Ọlọ́run ni mo ti ń bínú báyìí.

Ayé ti yí. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, wọ́n ti kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sunkún tán. Ọmọ-ọmọ mi kan tẹ ọjọ́ tí bàbá mi fojú bù sínú fóònù rẹ̀, ó ní, “Màmá àgbà, Ìṣẹ́gun ni yín!” Mo ní ó ṣeun. Àmọ́ bí ìkórè bá dé, ẹ wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ ó rí èmi àti apẹ̀rẹ̀ ọsàn mi. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin ń fọwọ́ bo ẹnu. Wọn á pe Àìkú, wọn á pe Ajé, èyíkéyìí tí wọ́n bá sì pè, mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: “Dìde, ó kàn ẹ́.”