Ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá Bọ́tìnnì

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò lè rà. Ó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó mọ́ nigínnigín. Àwọn oníbàárà á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní, “Àǹtí Télọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú eléyìí lọ.” Ẹ̀gbọ́n mi á ní, “Ẹ má bínú, ó ti ní ẹni tó ni ín.” Bí wọ́n bá bi í pé ta ni, á ní Ọ̀gá Bọ́tìnnì ni. Kò mọ orúkọ ọkùnrin náà, kò mọ ilé rẹ̀, kò sì fi téèpù wọ̀n ọ́n rí. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n, ẹ má sì bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Màmá wa ló kọ́ ọ níṣẹ́. Màmá kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ wọn rán bọ́tìnnì láì ka abẹ́rẹ́ sókè: ìgbà méjìlá ló gbọ́dọ̀ wọlé kó jáde, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Wọ́n á ní, “Bọ́tìnnì tí ẹ ò bá kà, ìta gbangba ló ti máa já.” Èmi kò rí iṣẹ́ náà kọ́. Ọjọ́ kẹta ni Màmá lé mi dìde nídìí ẹ̀rọ pé kí n lọ máa kàwé mi, kí n yé ba òwú àwọn jẹ́. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló jogún ọwọ́ wọn. Òun náà ló sì fi ilé sílẹ̀ láì dágbére, tó mú àlùmọ́gàjí ńlá Màmá dání, èyí tí wọn kì í yá ẹnikẹ́ni.

Òkè òkun ló lọ, láìsí ìwé ìgbélùú. Ó ránṣọ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ọwọ́ ìjọba tẹ̀ ẹ́, ó sọ pé orílẹ̀-èdè kan tí ogun ń jà lòun ti wá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn irọ́. Ojú ló ń tì í láti padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àlùmọ́gàjí pàápàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ibodè. Ìtìjú yìí náà ni kò jẹ́ kó pè wá fún ọdún mẹ́rin. Màmá kì í dárúkọ rẹ̀, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àpótí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

Ìjọba ibẹ̀ àti ìjọba tiwa ti jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé ẹni tí kò bá níwèé, kí wọ́n dá a padà sílé. Ṣùgbọ́n ilé ẹni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé tòun lẹni. Orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ wo fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tiwa kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bó ṣe jókòó oṣù mẹ́rìnlá sí ọgbà àtìmọ́lé nìyẹn, ó ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ya rán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tiwa dé, ó wá wò ó bóyá ọmọ wa kankan wà nínú wọn. Bàbá àgbàlagbà ni, ó níkùn díẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi ní èdè wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá náà béèrè ìlú rẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń mirí. Bàbá náà gbé bírò láti kọ ọ́ pé kì í ṣe tiwa.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí bọ́tìnnì. Èyí tó wà láàárín ikùn gan-an ni, òwú kan ṣoṣo ló fi ń rọ̀. Ó ní òun wo ògiri, òun wo àjà, ojú òun ṣáà ń padà síbẹ̀. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó yọ abẹ́rẹ́ tó há mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán bọ́tìnnì ọ̀gá mọ́ ọn lára níbi tó jókòó sí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé lẹnu rẹ̀ ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta.”

Ó dé eéje kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ pé èdè wa ló fi ń kà á. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí bàbá yìí bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ wa ni, ilé yá nìyẹn, kò sì mọ̀ bóyá Màmá ṣì wà láyé, tàbí bóyá wọ́n á jẹ́ kó wọlé.

Bàbá náà ní, “Kà á tán. Ó ku márùn-ún kó pé méjìlá, bí àwọn télọ̀ ilé ṣe máa ń kà á.”

Ó kà á tán, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Màmá mi ni, sà.”

“Ṣé wọ́n wà láyé?”

“Mi ò mọ̀, sà. Ojú ń tì mí láti pè wọ́n.”

Bàbá náà dé bírò rẹ̀. “Gbọ́, ọmọ mi. Mi ò lè parọ́ sínú ìwé ìjọba. Ọmọ wa ni ẹ́. Àmọ́ mi ò ní kọ nǹkan kan títí wàá fi mọ ẹni tó o máa bá nílé. Gba fóònù yìí.”

Èmi ni mo gbé fóònù Màmá lọ́jọ́ náà.

“Hẹ́lò, ta nìyẹn?”

“Èmi ni.”

“Èmi ta ni? Ṣé mò ń rí ojú ẹ nínú fóònù ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹnu ẹ yìí ò tíì yí padà.”

Ṣe ni mo pariwo. Mo sáré gbé fóònù fún Màmá, mo rò pé wọ́n á sunkún. Màmá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní, “Àlùmọ́gàjí mi dà? Gbé e bọ̀ wálé fún mi.” Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ pé kò sí mọ́.

Bó ṣe wọ bàálù nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ dé ló ń sunkún, àwọn mìíràn kò sì rí ẹni wá pàdé wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi, oore ni, nítorí ẹnì kan ní sùúrù fún un kó tó kọ̀wé.

Màmá ń géṣọ nígbà tí a wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n gba àlùmọ́gàjí yẹn lọ́wọ́ mi.”

Màmá gbé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn sókè, tuntun ni. Wọ́n ní, “Àlùmọ́gàjí pọ̀ lọ́jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ra òmíràn. Ìwọ ni mi ò rí rà.” Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí rẹ̀ síwájú fún un.

Ọdún mẹ́ta la tún fi ní Màmá lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń dúpẹ́ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, àmọ́ Màmá ní àwọn làwọn máa rán bọ́tìnnì rẹ̀. Méje ni bọ́tìnnì náà. Wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan dé eéjìlá, wọ́n sì ní kí a fi àyè sílẹ̀ níbi ikùn, torí òṣìṣẹ́ ìjọba kì í rù. Ohun tí ọwọ́ wọn rán kẹ́yìn nìyẹn.

Bàbá, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, ẹ wá gba aṣọ yín. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní já.